Ẹ̀kọ́ Ọ̀tọ̀, Iṣẹ́ Ọ̀tọ̀: Lámèyítọ́ Lórí Àìbáramu Ẹ̀kọ́ àti Iṣẹ́ Àwọn Olùkọ́ Tí A Kọ́ Jáde, Pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Láti Maiduguri

Àṣamọ̀

Ọ̀rọ̀ pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́jáde kọ́ kò bá iṣẹ́ tó ń ṣe mu ti di ohun tí a máa ń gbọ́ ní gbogbo àpérò wa. Nínú bébà yìí, a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti ibi tí a kì í sábà jókòó sí, ìyẹn orí bẹ́ǹṣì ọmọ ilé ìwé. A lo ìlú Maiduguri, níbi tí ogun, owó àwọn àjọ aláàánú àti àìríṣẹ́ṣe ti pàdé ara wọn, láti fi hàn pé kíláàsì tí olùkọ́ fi sílẹ̀ ló pàdánù jù, kì í ṣe olùkọ́ tó lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn. A sì bi ara wa léèrè ohun tí ọwọ́ àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ ṣe níbẹ̀.

Ìfáàrà

Nígbà tí a dé Maiduguri nítorí iṣẹ́ yìí, ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ Maruwa gbé wa láti ibùdókọ̀ ní ìwé ẹ̀rí NCE nínú Físíìsì àti Ìṣirò. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nígbà tó gbọ́ pé olùkọ́ ni wá. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń dárúkọ abúlé tí wọ́n ti bí i, tí kò sì gbé ibẹ̀ mọ́. Láti 2011 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Borno ti fòfin de ọ̀kadà nínú ìlú nítorí ètò ààbò ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti di ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń wá oúnjẹ òòjọ́, àti ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà. A bi í pé ta ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní Físíìsì ní ilé ìwé tó wà nítòsí ilé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní olùkọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ni wọ́n ní kó máa bá wọn mú un lọ.

Ìdáhùn yẹn ló yí bébà yìí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni a ti fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀: pé ohun tí a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kò bá ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń wá mu, pé kí a tún àkóónú ẹ̀kọ́ ṣe, kí a fi iṣẹ́ ọwọ́ kún un, kí ìjọba sì gbà wọ́n síṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bọ̀ ní irú àpérò báyìí tipẹ́ lè ka irú bébà bẹ́ẹ̀ lórí láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti jẹ́ ká rí i pé àìbáramu méjì ló wà níbẹ̀. Olùkọ́ Físíìsì wà lórí kẹ̀kẹ́. Olùkọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ wà nídìí Físíìsì. Ti àkọ́kọ́ là ń pariwo. Ti èkejì, àwọn ọmọ tó jókòó sí kíláàsì náà nìkan ló mọ̀ ọ́n lára, wọn kò sì ní àpérò tí wọ́n lè gbé e lọ.

Ojú ta ni a fi ń wò ó?

Nínú iṣẹ́ lámèyítọ́, ọ̀kan nínú ohun tí a máa ń kọ́kọ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kó béèrè ẹni tó ń sọ ìtàn. Ẹ jẹ́ ká bi ọ̀rọ̀ yìí náà bẹ́ẹ̀. Ta ló ń sọ pé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ kò bára mu, kí ló sì fi ń wọ̀n ọ́n?

Orin kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, tó fi ìró bàtà ṣèlérí fún ọmọ tó bá kàwé rẹ̀. Ó tó ogójì ọdún tí a ti mọ orin náà kó tó hàn sí wa pé kò dárúkọ iṣẹ́ kankan. Bàtà ló ṣèlérí. Ó ní ìwé yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ máa dún bí o bá ń kọjá lọ. Kò sọ ibi tí ò ń lọ. A kò fi èyí bú orin náà. Lásìkò tí ẹni tó ka ìwé mẹ́fà péré lè di akọ̀wé tàbí tíṣà, kò sídìí láti máa béèrè irú iṣẹ́ wo. Ṣùgbọ́n àwọn òbí wa gba ìlérí náà bẹ́ẹ̀, àwa náà sì gbà á bẹ́ẹ̀, a wá ń fi ìwé ẹ̀rí wọn ohun gbogbo. Lónìí tí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ń wa kẹ̀kẹ́, ohun tó ń dùn wá ni pé bàtà rẹ̀ kò dún. A kì í béèrè pé irú iṣẹ́ wo ni wọ́n tilẹ̀ kọ́ ọ fún, ta ni ì bá sì jàǹfààní rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé Chinua Achebe tó ń jẹ́ No Longer at Ease, èyí tó jáde ní 1960, ẹ ó rántí Obi Okonkwo. Àwọn ará Umuofia tó wà lẹ́yìn odi dá owó jọ, wọ́n rán an lọ sí ìlú òyìnbó kó lọ kọ́ òfin, kí ó lè máa bá wọn ro ẹjọ́ ilẹ̀ wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló lọ kà. Inú bí wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó yá wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé yóò ṣì rí ipò òyìnbó nínú iṣẹ́ ìjọba. Ó sì rí i: ọ́fíìsì tó ń rí sí sìkọ́láṣíìpù, mọ́tò, ilé ní Ikoyi. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ló ti dúró sórí rìbá tí Obi gbà àti ọ̀rọ̀ òun pẹ̀lú Clara. Ohun tó kàn wá níhìn-ín kò tó bẹ́ẹ̀: Obi fúnra rẹ̀ kò rí ohun tó burú nínú kí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó sì máa ṣiṣẹ́ sìkọ́láṣíìpù. Umuofia rí i, ó ní ohun tó ń wá, ó sì mọ̀ pé òun kò rí i gbà. Lẹ́yìn náà ni Umuofia gba bàtà dípò agbẹjọ́rò. Ẹni tí ẹjọ́ ilẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ ni kí a lọ bi bóyá bàtà yẹn tó.

Ipò ẹni náà ni ọmọ kíláàsì Físíìsì ní Maiduguri wà. Gbogbo ohun tí a ní láti sọ nínú bébà yìí kò ju pé kí a lọ bi òun náà.

Ọ̀nà tí kíláàsì fi ṣófo ní Borno

Kò yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Borno bí ẹni pé ìpínlẹ̀ tí kò rí ogun ni. Láti 2009 tí ogun Boko Haram ti bẹ́ sílẹ̀, ilé ìwé àti olùkọ́ wà lára ohun tí wọ́n dojú kọ jù. Ní 2017, àjọ UNICEF kéde pé ó lé ní 2,295 olùkọ́ tí wọ́n ti pa ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, pé nǹkan bí 19,000 ti sá kúrò níbi tí wọ́n ń gbé, àti pé ilé ìwé tó bàjẹ́ sún mọ́ 1,400. Ní oṣù Kẹta 2014, ìjọba Borno ti àwọn ilé ìwé gíráńmà pa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún náà ni wọ́n kó ọmọbìnrin 276 lọ ní Chibok, níbi tí wọ́n kóra jọ sí láti ṣe ìdánwò àṣejáde. Nígbà tí àwọn ará Bama, Gwoza, Konduga àti àwọn ìlú mìíràn sá wọ Maiduguri, inú ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn sùn. Kíláàsì di yàrá, pátákó ìkọ̀wé di ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

Àwọn àjọ aláàánú wá dé, láti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti láti oríṣiríṣi ìlú. Iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe pọ̀: kíkọ orúkọ àwọn tó ń gba oúnjẹ, kíkọ́ àwọn ìyá ní bí a ṣe ń bọ́ ọmọ tó rù, kíkọ́ ènìyàn ní ọwọ́ fífọ̀ kí onígbáméjì má bàa jà, gbígbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fìyà jẹ. Wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ Kanuri tàbí Haúsá tàbí Lárúbáwá Shuwa, tó lè kọ ìjábọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, tó lè dúró níwájú ọgọ́rùn-ún ènìyàn kó sọ ọ̀rọ̀ kan títí yóò fi yé wọn. Ẹ̀yin ará, olùkọ́ ni wọ́n ń wá. Wọn kò pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni. Owó tí wọ́n sì ń san kì í ṣe ẹgbẹ́ owó oṣù tíṣà, èyí tí ó lè má dé lásìkò rárá.

A ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ́lẹ̀ tó ka Yorùbá pọ̀ mọ́ Ẹ̀kọ́ Àwùjọ lọ́dọ̀ wa. Ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, lọ sí Maiduguri. Kò sí ẹni tó nílò olùkọ́ Yorùbá níbẹ̀, ìyẹn kò sì yà á lẹ́nu. Ilé ìwé aládàáni kan gbà á, wọ́n ní kó máa kọ́ni ní Sáyẹ́ǹsì. Ó kọ́ ọ fún ọdún méjì. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún wa, ohun tó tì í lójú jù ni ọjọ́ tí ọmọbìnrin kan bi í ní ìdí tí omi fi ń hó, tó sì ní kí ọmọ náà jókòó, kó má yọ kíláàsì lẹ́nu. “Mi ò mọ̀ ọ́n, mà,” ló sọ. “Mo sì mọ̀ pé ó mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n.”

Lẹ́yìn náà ni àjọ kan gbà á láti máa kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ́tótó nínú àgọ́ àwọn tí ogun lé. Ó ti gbọ́ Haúsá dáadáa nígbà náà. Àlọ́ àti orin tí a kọ́ ọ pé kó fi máa mú ọmọdé dání nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, òun náà ló gbé wọ inú àgọ́, tó fi èdè mìíràn sọ. Ó ṣe é dáadáa débi pé wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn yòókù. Bí a bá ní ká fi ìwé àṣírò lásán wò ó, olùkọ́ Yorùbá tó ń kọ́ni ní ọwọ́ fífọ̀ jẹ́ àìbáramu gbáà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti wúlò jù. Ìgbà tó wà nínú kíláàsì gan-an, tí àwa yóò kà á sí olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ni ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ rẹ̀ jìnnà síra jù.

Owó náà kò dúró títí. Ní ìparí 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ ti àwọn àgọ́ ńlá tó wà nínú ìlú. Ní oṣù Kìíní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún náà, USAID ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Maiduguri lọ́dún yẹn mọ iye ọ́fíìsì tó palẹ̀ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa wà lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó ti padà sí ilé ìwé aládàáni mìíràn báyìí. Sáyẹ́ǹsì náà ni.

A kò bá a wí, a kò sì bá ẹnikẹ́ni wí tó fi kíláàsì sílẹ̀ nígbà tí ọmọ ń ké nílé. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé ọdún bíi mẹ́wàá tí àwọn olùkọ́ fi wà lọ́dọ̀ àwọn àjọ wọ̀nyí, kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé ìwé báyìí ti pàdánù olùkọ́ Kẹ́místírì, ilé ìwé tọ̀hún ti pàdánù ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní Kanuri kíkà. Iṣẹ́ tí àwọn tó lọ rí ni a kà. Ibi tí wọ́n ti kúrò, a kò kà á.

Gègé tó ń sọ olùkọ́ di àlejò nídìí iṣẹ́ rẹ̀

Ogun ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àìbáramu wà níbi tí ogun kò dé, gègé ló sì ń fa ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn olùkọ́ Ìtàn. Ní nǹkan bí 2009, wọ́n yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tó dá dúró ní ilé ìwé ìpìlẹ̀. Àwọn tó ti fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ́ ọ jí lọ́jọ́ kan, wọ́n di olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Àwùjọ tàbí Ẹ̀kọ́ Ọmọ Onílùú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún dá a padà, àwọn ilé ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá olùkọ́ Ìtàn kiri. Ní 2011, ètò ẹ̀kọ́ tuntun dé fún ilé ìwé gíráńmà àgbà, ó mú iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò 34 wá, ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ó kéré tán ẹyọ kan. Iṣẹ́ ọwọ́ 34! Ta ni a ti kọ́ láti kọ́ wọn? A rí ilé ìwé tó jẹ́ pé olùkọ́ Bíbélì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń sin ẹja, láti inú ìwé, láìsí ẹja.

Ètò kan náà ló sọ èdè abínibí di ohun tí ọmọ lè mú tàbí kó má mú. Àwa tí a wà ní ẹ̀ka Yorùbá rí i lójú ẹsẹ̀ nínú iye àwọn tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ni ní Haúsá àti Kanuri lè sọ tiwọn. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Inú wa dùn. A sọ fún àwọn tó ń wọlé pé iṣẹ́ ń bọ̀. Ọdún mẹ́ta ni NCE ń gbà. Ní oṣù Kọkànlá 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i kò tíì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tán tí wọ́n fi pa á rẹ́.

A mọ̀ pé àwọn kan níbí fara mọ́ ìfagilé yẹn, wọ́n sì ní ìdí wọn. Kì í ṣe èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì là ń bá yí báyìí. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ kan, tí wọ́n wá fi gègé pa iṣẹ́ náà rẹ́ kó tó jáde, kò yẹ kí a tún dúró lórí pèpéle kí a máa sọ pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò wúlò.

Kí a má fi bí ẹni pé lánàá ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwa ń sin ilẹ̀ bàbá wa, ilé ìwé kan tí a kò ní dárúkọ ní kí a máa kọ́ni ní Ìṣirò, nítorí pé a ti kàwé ní yunifásítì. Alaalẹ́ ni à ń ka ojú ewé kan ṣáájú àwọn ọmọ náà. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí ó ti ka ojú ewé méjì ṣáájú wa. Òun la fi gba ara wa là lọ́dún náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ́ Ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀ ju bí wọ́n ti kọ́ ọ lọ́wọ́ wa lọ.

Ẹ̀sùn pé wọn kò ṣeé gbà síṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn ńlá fẹ́ràn: pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa kò ṣeé gbà síṣẹ́. Maiduguri já ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kan náà tí wọ́n ní kò wúlò ni àwọn àjọ kó jọ, tí wọ́n fún ní ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n sì rán lọ sí ibi tí ìbọn ti ń dún. Wọ́n ṣiṣẹ́ náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹnìkan mọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe, ó fún wọn ní ohun èlò, ó sì san owó wọn.

Ẹ wá wo bí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe ń lo kíláàsì. Òfin 1993 tó dá ìgbìmọ̀ TRCN sílẹ̀ wà kí iṣẹ́ olùkọ́ lè jẹ́ ti ẹni tó kọ́ ọ. Ìlànà orílẹ̀-èdè sọ pé NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù fún olùkọ́. Síbẹ̀, ní 2016, nígbà tí ètò N-Power bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ fún 200,000 ọ̀dọ́ ní 30,000 náírà lóṣooṣù, kíláàsì ni wọ́n rán púpọ̀ nínú wọn lọ, láìka ohun tí wọ́n kọ́ sí. A kò kórìíra ètò náà. Ó gbọ́ bùkátà ọ̀pọ̀ ilé, àwọn kan nínú wọn sì di olùkọ́ gidi. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún gbogbo ènìyàn ni pé ẹni tí kò bá tíì ríṣẹ́ ni kó máa kọ́ ọmọ ní ìwé ná. Kò sẹ́ni tó jẹ́ rán àwọn tí kò tíì ríṣẹ́ lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ kí wọ́n máa gé ènìyàn ná.

Ní ti ìmọ̀ràn pé kí a fi iṣẹ́ ọwọ́ kún ẹ̀kọ́ wọn, ẹ jẹ́ ká rìn yí Maiduguri ká. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin jókòó síwájú ilé, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sára fìlà, irú fìlà Borno tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ mọ́ Zanna Bukar Dipcharima. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ, kí wọ́n tó mọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. A kò rò pé sẹ̀mẹ́sítà kan tí a fi ń kọ́ irú wọn ní bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀ ṣe wọ́n ní àǹfààní kankan. Bóyá àwọn ni ì bá máa kọ́ wa.

Ọwọ́ tiwa ńkọ́?

Bí káfíńtà kan ní Ìbàdàn bá ti kọ́ ọmọ ogún níṣẹ́, tí wọ́n ti gba ìyọ̀ǹda, bi í léèrè wọn. Yóò sọ fún ọ pé èyí wà ní Ṣàgámù, ìkejì ti lọ sí Kòtónù, ìkẹta ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ó ń wa mọ́tò, ìkẹrin ti kú. Yóò tún sọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dá. Bi àwa olùkọ́ àgbà léèrè àwọn ọgọ́rùn-ún méjì tí a fa ìwé ẹ̀rí lé lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá. A ó wo ojú ara wa. A ní àkọsílẹ̀ máàkì wọn láti ọdún kìíní títí dé ìkẹta, títí kan èyí tí wọ́n gbà nínú Ìlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí wọ́n wà, a kò ní in.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1959 tó sì jábọ̀ ní 1960, wò ó pé àwọn ilé ìwé gíráńmà kò ní olùkọ́ tó kájú ìwọ̀n. Nítorí àlàfo yẹn ni wọ́n ṣe dá irú kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa sílẹ̀, ti Lagos ní 1962, ti Ondo tí gbogbo wa mọ̀ sí Adéyẹmí ní 1964, tí NCE sì fi dáyé. Láti inú kíkà kíláàsì tó ṣófo ni wọ́n ti bí wa. Nígbà tó yá, a kò ka kíláàsì mọ́. Iye ọmọ tí a lè gbà wọlé là ń kà. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ òfin, tí máàkì rẹ̀ kò tó, a ó ní kó wá ka Yorùbá, nítorí ẹ̀ka wa ní àyè. A ti ṣe é rí. A ṣe é nítorí pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tán, ẹ̀ka yóò tán, iṣẹ́ tiwa náà yóò sì wà nínú ewu. Ká sọ òótọ́ níbí, níwọ̀n bí kò ti sí akẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn.

Ọ̀nà láti tún kíláàsì kà wà lọ́wọ́ wa láìná kọ́bọ̀. Ọdọọdún ni à ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, tí a sì ń tẹ̀ lé wọn láti lọ wò wọ́n. A máa ń wọ ilé ìwé, a ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, a ó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì, a ó fọwọ́ sí ìwé àlejò ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, ó lè fún wa ní móhùn-ún mini-ràlì, a ó sì máa lọ. Kò sí ẹlòmíràn tó ń wọ ọ̀pọ̀ ilé ìwé bẹ́ẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́dún tó kọjá, àwa márùn-ún ní ẹ̀ka wa gbìyànjú kí a tó kúrò nílé ìwé kọ̀ọ̀kan, kí a bi ọ̀gá ní ìbéèrè méjì: ẹ̀kọ́ wo ni kò ní olùkọ́, ta ló ń bá wọn mú un lọ, kí sì ni ẹni náà kọ́? Ìwé eléwé ọgọ́ta la fi ń kọ ọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni, ẹ máa bínú. Olùkọ́ èdè ni wá, a kì í ṣe ti Ìṣirò.

Ìwé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Àwọn ọ̀gá kan kọ́kọ́ ń fura, wọ́n rò pé ìjọba ló rán wa. Nígbà tí wọ́n rí i pé a kò ní fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ tú jáde lẹ́nu wọn. A ti rí ilé ìwé tí olùkọ́ Fàransé ń kọ́ni ní Bàyọ́lọ́jì, àti èyí tí olùkọ́ Bàyọ́lọ́jì wà ní òpópónà kejì níbi tó ti ń ta kírédíìtì fóònù. Orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tí a kọ́ jáde ni a ń kọ sí ẹ̀yìn ìwé kan náà, bí a bá ti rí wọn. A ti pe mẹ́tàdínlógójì. Mẹ́sàn-án ló ń kọ́ni ní ohun tí wọ́n kà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà ní Maiduguri wà lára àwọn tí a pè, ó sì ní kí a bá òun wá ìwé Sáyẹ́ǹsì kan tó ṣàlàyé ìdí tí omi fi ń hó, tí yóò yé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ẹlẹgbẹ́ wa kan ní ẹ̀ka Físíìsì ti kọ ojú ewé méjì fún un, a sì ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.